Ajá aṣèrànwọ́ fún ajagunfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà: ọ̀nà márùn-ún, èwo ni tiyín?

Ọmọ Yorùbá tó ti wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kì í ṣe díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ètò MAVNI kalẹ̀ ní ìparí ọdún 2008, èyí tó jẹ́ kí àjèjì tó gbọ́ àwọn èdè kan lè di sójà kó sì tètè di ọmọ ìlú, èdè Yorùbá wà lára èdè tí wọ́n ń wá. Àwọn mìíràn ti ní green card kí wọ́n tó wọlé, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ tí a bí síbẹ̀. Nínú wọn la ti rí àwọn tí wọ́n ń pè ní akọni ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, àmọ́ tó bá di òru, ìyàwó ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n lójú oorun. Àwọn wọ̀nyí àti ará ilé wọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹni tí dókítà ti sọ fún pé PTSD ni, ìyẹn àìsàn ọkàn tí ohun ẹ̀rù tí ojú rí ń fà, tó sì ti ń ro ọ̀rọ̀ ajá lọ́kàn.

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni "Eélòó ni?" Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ni màá fi síwájú.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí ajá náà ṣe gan-an. Lábẹ́ ADA, òfin Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ní àìlera, ajá aṣèrànwọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní service dog, ni ajá tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ kan pàtó tó jẹ mọ́ àìlera olówó rẹ̀. Pé ara yín máa ń balẹ̀ tí ẹ bá rí i kò tíì di iṣẹ́. Ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ nìyí: aago mẹ́ta òru, ọkùnrin kan ń jà lójú oorun, ẹsẹ̀ ń ta, ó ń payín keke. Ajá dìde lórí ẹní rẹ̀, ó ti imú sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè, ó tún gbé e. Ọkùnrin náà kò jí. Ajá gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń lá a lójú títí ó fi jí. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ o. Ó na gbogbo ara rẹ̀ lé e láyà, ó sì wúwo níbẹ̀ títí èémí fi wálẹ̀, títí ó fi gbọ́ "Ó tó." Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀sán gangan, léraléra, kó tó ṣe é lóru.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn wà: kó dúró sẹ́yìn yín lórí ìlà kí ẹnikẹ́ni má baà sún mọ́ yín jù, kó fà yín lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ìpayà bá mú yín ní súpámákẹ́ẹ̀tì, kó gbé oògùn wá, kó tan iná yàrá kí ẹ tó wọlé. Ẹ kọ mẹ́ta tí ẹ nílò jù sílẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ẹyọ kan kọ, ajá inú ilé lẹ fẹ́, ìyẹn náà kì í ṣe ìtìjú.

Ìbéèrè kejì ni àwọn èèyàn kì í bèèrè, òun sì ni mo kà sí jù: bí ajá náà bá kùnà, ta ni òfò já lé lórí? Ajá máa ń kùnà. Kódà nínú àwọn tí wọ́n bí torí iṣẹ́ yìí, tí wọ́n ti ń kọ́ láti kékeré, ọ̀pọ̀ ni kì í yege. Èyí ń bẹ̀rù ọkọ̀ ajàgbé, ìbàdí ìyẹn ò dáa, ẹ̀kẹta ò lè rí ọ̀kẹ́rẹ́ kó má sáré tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá ló ni ín, wọ́n á fún ẹbí kan kó máa sìn ín, wọ́n á sì mú òmíràn wá fún yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ dá a kọ́, owó ti lọ, oṣù ti lọ, ajá sì ti di ọmọ ilé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń sọ fún pé kó dá ajá padà.

Lẹ́yìn ìyẹn la tó wá dé orí owó, ìyẹn owó àkọ́kọ́ àti tí oṣoṣù. Àkókò tí ẹ lè fi dúró. Àti ibi tí ẹ fẹ́ mú ajá náà wọ̀, ilé tí ẹ háyà, ọkọ̀ òfuurufú, tàbí ilé ní Nàìjíríà.

Ṣé ajá tiẹ̀ ń ṣe nǹkan kan?

Ìjọba náà bèèrè bẹ́ẹ̀. VA, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ajagunfẹ̀yìntì, ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 dọ́là sórí ìwádìí kan tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2021. Ajagunfẹ̀yìntì 181 ló gba ajá níbẹ̀, àwọn kan gba ajá aṣèrànwọ́, àwọn yòókù gba ajá ìtùnú (emotional support dog), èyí tí wọn ò kọ́ ní iṣẹ́ pàtó. Ara apá méjèèjì yá sí i. Àwọn tó gba ajá aṣèrànwọ́ fi díẹ̀ sàn jù ní ti PTSD, èrò pípa ara ẹni sì dín kù lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ ní ti bí wọ́n ṣe ń gbé ìgbésí ayé ojoojúmọ́, kò sí ìyàtọ̀. Ní 2024, ìwádìí tí onímọ̀ kan, Maggie O'Haire, darí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Network Open: ajagunfẹ̀yìntì 156, àwọn tó gba ajá àti àwọn tó ṣì wà lórí ìlà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, PTSD, àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì àwọn tó gba ajá fúyẹ́ ju ti àwọn tó ń dúró lọ. Gbogbo wọn ló ṣì ń gba ìtọ́jú wọn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, torí náà ẹ má fi ajá rọ́pò dókítà.

Ohun tó wù mí jù nínú ìwádìí kejì yìí ni pé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń mú ọ̀pọ̀ ajá rẹ̀ láti shelter, ilé tí wọ́n ń kó ajá tí wọ́n pa tì sí, ni àwọn ajá náà ti wá. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ajá àpatì ò wúlò fún iṣẹ́ yìí kò mọ ohun tó ń sọ.

Ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ajá láti shelter

Ẹgbẹ́ náà ni K9s For Warriors, ní ìpínlẹ̀ Florida. Shari Duval ló dá a sílẹ̀ ní 2011 torí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Brett Simon, tó ti Iraq dé pẹ̀lú PTSD. Wọ́n ń yan ajá ní shelter, wọ́n ń yẹ ara àti ìwà rẹ̀ wò, wọ́n ń kọ́ ọ fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe ajagunfẹ̀yìntì wá gbé lọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òun àti ajá lè mọwọ́ ara wọn. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni náà. Àwọn tó ṣiṣẹ́ ológun lẹ́yìn September 11, 2001 ni wọ́n ń gbà.

Owó tí kò hàn níbẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ẹni tó ń wa Uber, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì alẹ́, tó ní ọmọ mẹ́ta nílé, ta ni yóò dúró fún un? Ìlà náà sì máa ń gùn. Ẹ kò ní fúnra yín yan ajá. Wọ́n ló máa yàn án fún yín. Inú àwọn kan kì í dùn sí èyí, èmi sì rò pé òun gan-an ni èrè ọ̀nà yìí. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí ọ̀pọ̀ ajá ló ń yàn, òfò àwọn tí kò yege sì wà lọ́rùn ẹgbẹ́.

Àwọn ará wa tó ṣe sójà ní Britain náà ní irú rẹ̀: Service Dogs UK ń mú ajá láti ilé ajá àpatì, wọ́n sì ń kọ́ ọ pẹ̀lú ajagunfẹ̀yìntì tó ní PTSD.

Ẹgbẹ́ tó ń bí ajá tirẹ̀

Canine Companions, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní 1975, ń bí Labrador àti Golden Retriever fún iṣẹ́ náà. Àwọn olùyọ̀ǹda ló ń tọ́ ọmọ ajá nínú ilé wọn títí yóò fi tó bí ọdún kan ààbọ̀, kí àwọn olùkọ́ tó gbà á. Òun náà ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó gbà á. Puppies Behind Bars ní New York ń ṣe é lọ́nà mìíràn: àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló ń tọ́ ajá, tí wọ́n ń kọ́ ọ, àwọn ajagunfẹ̀yìntì sì wà lára àwọn tó ń gbà á.

Ẹ mọ ìyá ajá yìí, ẹ mọ bàbá rẹ̀, ẹ mọ ìbàdí ìyá ìyá rẹ̀. Tí ẹ bá tún ní àìlera ara mọ́ ti ọpọlọ, bíi kí ẹsẹ̀ ti gé tàbí kí ẹ máa lo kẹ̀kẹ́ arọ, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn sí. Àìpé rẹ̀ ni ìdúró. Ọmọ ajá tí yóò ràn yín lọ́wọ́ lè má tíì jáde nínú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kọ̀wé.

Kí ẹ mú ajá fúnra yín, kí ẹ sì dá a kọ́

ADA gbà á láàyè. Kò pọn dandan kó ti ẹgbẹ́ kankan wá, kò sí ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ń fún ajá aṣèrànwọ́, kò sì sí ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń ta káàdì àti ìwé àṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ta bébà fún yín ni. Ní ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè méjì péré ni òṣìṣẹ́ lè bi yín: ṣé torí àìlera ni ajá yìí fi wà pẹ̀lú yín, iṣẹ́ wo ni wọ́n sì kọ́ ọ láti ṣe? Wọn ò gbọ́dọ̀ bèèrè irú àìsàn tó ń ṣe yín. Àmọ́ bí ajá bá ń gbó mọ́ àwọn èèyàn tí ẹ kò sì lè dá a dúró, tàbí tó yàgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n lè ní kí ẹ mú un jáde, òfin wà lẹ́yìn wọn.

Owó tí shelter ń gbà kéré, àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ gba nǹkan kan lọ́wọ́ ajagunfẹ̀yìntì. Ìyẹn ló ń tan èèyàn. Ajá aṣèrànwọ́ tó ti parí ẹ̀kọ́, owó rẹ̀ máa ń wà láàárín dọ́là 15,000 sí 30,000, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Apá tó pọ̀ nínú owó yẹn, iṣẹ́ olùkọ́ ni. Bí ẹ ò bá san án ní owó, ẹ ó san án ní wákàtí. Ìwọ̀n tó kéré jù tí IAADP, ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo irú ajá yìí, dámọ̀ràn ni 120 wákàtí láàárín oṣù mẹ́fà ó kéré tán, 30 nínú rẹ̀ níta láàárín èrò. Ẹ fi ọkàn sí ọdún kan sí méjì. Ẹ sì wá olùkọ́ tó ti kọ́ ajá PTSD rí, ẹ má ṣe gba ẹni tó kàn mọ bí a ṣe ń kọ́ ajá láti jókòó.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ sí shelter lọ́jọ́ tó ṣòro jù. Ajá tó ti pé ọdún kan sí méjì sàn ju ọmọ ajá lọ, torí ìwà rẹ̀ ti hàn, dókítà ẹran sì lè ya fọ́tò egungun ìbàdí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún aràn tí ẹ̀fọn ń gbé sínú ọkàn ajá, pàápàá ní Texas àti Florida. Ìtọ́jú rẹ̀ ń gba oṣù púpọ̀, ajá ò sì gbọdọ̀ sáré ní gbogbo àkókò náà, ẹ̀kọ́ dúró nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú abọ́ irin kan, ẹ jẹ́ kó já bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kó ta gìrì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ẹ ń wò ni ohun tó ṣe tẹ̀ lé e. Èyí tó yíjú padà, tó rìn lọ gbóòórùn abọ́ náà, tó sì padà wá bá yín, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó sá sí kọ̀rọ̀ tí kò tún jáde, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn tí yóò fi ṣe ajá ilé.

Ibẹ̀ gan-an ni sójà máa ń ti ṣìnà. Ó máa ń rí ara rẹ̀ nínú èyí tó ń gbọ̀n ní igun yẹn, àánú á ṣe é, òun ló máa mú lọ sílé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Ṣùgbọ́n ajá tí ariwo ń dẹ́rù bà kò lè jí ẹni tí ariwo ń dẹ́rù bà lóru. Ìgbàkúgbà tí ẹ bá wọ ọjà, ẹ̀yin lẹ ó máa tù ú nínú. Ẹ mú ẹnì kan dání lọ tí ọkàn rẹ̀ kì í tètè rọ̀.

Àǹfààní ọ̀nà yìí fún àwa ni pé èdè tó bá wù yín lẹ lè fi kọ́ ọ. "Jókòó," "Dúró," "Ó tó" ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹni tí ẹ bá pàdé lójú ọ̀nà ò sì ní lè máa pàṣẹ fún un. Orúkọ nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn láti fi orúkọ ajá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò, àmọ́ ajá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nílò orúkọ kúkúrú tó ṣeé pè nígbà tí èémí ò délẹ̀.

Ètò PAWS ti VA

Ní August 2021 ni Ààrẹ Biden fọwọ́ sí òfin PAWS. Ó ní kí VA dán ètò kan wò fún ọdún márùn-ún, níbi tí ajagunfẹ̀yìntì tó ní PTSD yóò ti máa kọ́ ajá tí yóò di aṣèrànwọ́. Ìlú márùn-ún ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2022: Anchorage, Asheville, Palo Alto, San Antonio àti West Palm Beach. Kíkọ́ ajá náà ni ìtọ́jú: ẹ ó ní sùúrù, ẹ ó dẹ ohùn sílẹ̀, ẹ ó jáde nílé torí ajá nílò rẹ̀. Kì í ṣe dandan kí ẹ mú ajá lọ sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á tí dókítà rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé nítòsí ọ̀kan nínú wọn, ẹ bi dókítà yín léèrè bí ètò náà ṣe wà lónìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì dá a lójú pé òun lè gbé pẹ̀lú ajá.

VA fúnra rẹ̀ kì í fún èèyàn ní ajá. Ó ní ètò ìbánigbófò tó ń san owó dókítà ẹran fún àwọn tó tọ́ sí, àmọ́ ajá náà gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí ADI tàbí IGDF, àwọn àjọ àgbáyé tó ń yẹ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wò, fọwọ́ sí wá, kò sì kan oúnjẹ tàbí ìwẹ̀. Ajá tí ẹ dá kọ́ kò sí níbẹ̀.

Ajá ìtùnú

Kò nílò ẹ̀kọ́ pàtàkì. Ìwé dókítà ló nílò, fún ọ̀rọ̀ ilé nìkan: òfin ilé gbígbé, Fair Housing Act, kì í sábà jẹ́ kí lánlọ́ọ̀dù lé e tàbí kó gba owó ajá lọ́wọ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó bá bàjẹ́ lẹ ó san. Kò lè wọ ilé oúnjẹ pẹ̀lú yín. Láti January 2021, ọkọ̀ òfuurufú kò kà á mọ́ ajá aṣèrànwọ́ mọ́; ẹ ó sanwó rẹ̀ bíi ti ajá yòókù. Ẹ má fi ẹ̀wù service dog wọ̀ ọ́ láti fi rẹ́ni jẹ. Ní Florida àti ìpínlẹ̀ púpọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin.

Ilé wa, àti ìrìn àjò sílé

Èwókèwó tí ẹ bá yàn, ẹ bá ará ilé sọ̀rọ̀ kí ajá tó dé. Ìyá tó ti Ìbàdàn wá ṣe ọmọ ìkókó á ní ajá ò gbọdọ̀ wọ yàrá, á sì máa ju egungun sí i lábẹ́ tábìlì. Tí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ bá àáfà yín sọ ọ́ ní kíkún: ní mazhab Máálíkì tó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ara ajá tó wà láàyè mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì le jù bẹ́ẹ̀ ní mazhab mìíràn. Ọ̀pọ̀ ìjà inú ilé tí ì bá ṣẹlẹ̀ ló máa ń parí síbẹ̀.

Lórí ọkọ̀ òfuurufú, ajá aṣèrànwọ́ ń bá yín jókòó lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lè béèrè fọ́ọ̀mù ìjọba ní wákàtí 48 ṣáájú, àti òmíràn lórí ìgbọ̀nsẹ̀ ajá tí ìrìn náà bá tó wákàtí mẹ́jọ. Tó bá jẹ́ Lagos lẹ ń lọ, ìpadàbọ̀ sí Amẹ́ríkà ni kí ẹ rò jù. CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, ka Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè tí dìgbòlugi ajá ti pọ̀, láti August 2024 sì ni òfin wọn ti le sí i. Ajá tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà tí USDA, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀gbìn, fọwọ́ sí kó tó kúrò ní Amẹ́ríkà. Òfin ADA kò sì tẹ̀ lé yín dé Ìkẹjà. Ní tèmi, ẹ fi ajá sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, àyàfi tí ẹ kò bá lè sùn láìsí i.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tó ṣe sójà lẹ́yìn 2001, tí PTSD rẹ̀ le, tó sì lè rí ẹni gba ilé dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ajá shelter lónìí. Mo fi èyí ṣáájú gbogbo wọn, torí òfò ò sí lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó tún ní àìlera ara, kó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bí ajá.

Kí ẹ dá a kọ́ fúnra yín yẹ ẹni tí ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ díẹ̀, tó ní alábàáṣe nílé, tó ní olùkọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì gbé e bí àkọ́kọ́ bá kùnà tó ní láti mú èkejì. Ẹni tó ń dá gbé, tí kì í jáde nílé, kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. PAWS ló tọ́ sí i, bó bá wà nítòsí.

Ẹni tí kò rí iṣẹ́ kan kọ sílẹ̀, kó mú ajá ìtùnú. Èyí tó ń gbọ̀n ní kọ̀rọ̀ shelter lè bá a lọ sílé wàyí.

Àti ẹni tó jẹ́ pé lónìí yìí ni ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kó pa ara rẹ̀: ìlà gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ti gùn jù fún un. Kó pe 988, kó tẹ 1. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e, àwọn tí wọ́n kọ́ láti bá ajagunfẹ̀yìntì sọ̀rọ̀ ni yóò dáhùn. Ọ̀rọ̀ ajá lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.